Sùmó Kò Gbé Omi: Bí A Ṣe Ń Fi Mọ́tímítà Wá Ibi Tó Bàjẹ́ Lẹ́yìn Omíyalé



Ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ti ń padà lọ wo ilé wọn báyìí kì í ṣe ti ògiri tàbí ti òrùlé mọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹrẹ̀ ti kúrò nínú yàrá, ilẹ̀ ti gbẹ, iná IBEDC ti dé padà sí àdúgbò, ṣùgbọ́n sùmó kò gbé omi lọ sínú táǹkì. Ẹlòmíràn ní tòun ń gbé e, àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, omi ń dà sílẹ̀ láti orí táǹkì ní gbogbo òru. Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká, ọ̀pọ̀ ilé ló gbẹ́ kànga dẹ̀rọ tirẹ̀. Bí sùmó bá ti dákẹ́, ilé náà kò ṣeé gbé fún ìdílé tó ní ọmọ ọwọ́ tàbí arúgbó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ṣì wà nínú gbọ̀ngàn ìjọ, tàbí nínú yàrá kan ṣoṣo tí ẹbí yọ̀ǹda fún wọn, nígbà tí ilé tiwọn dúró lófìfo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n pè wá wò ó ni pé sùmó ti jóná, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé tí àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ti dé, a ti rí i léraléra pé sùmó tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga kò ní àrùn kankan. Inú omi ni wọ́n ṣe é fún, kí ni omíyalé fẹ́ fi ṣe é? Àwọn nǹkan tó wà lórí ilẹ̀, tí a kò ṣe fún omi, ni omi bà jẹ́: wáyà, ibi tí a ti so wáyà pọ̀, àti àpótí tó ń darí sùmó lára ògiri. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó fúlóòtì kan tàbí ti wáyà díẹ̀ kò sún mọ́ owó sùmó rárá, ìdílé tó ti pàdánù ibùsùn, àga àti oúnjẹ kò sì gbọdọ̀ ná èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ohun tí kò bàjẹ́.

A kọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ ṣe èyí tó wà ní agbára yín, kí ẹ sì lè bá oníṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń béèrè. Kò sọ yín di oníṣẹ́ iná o. Ibi tí a bá ti ní kí ẹ pe oníṣẹ́ iná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é.

Ojú tí àpótí fi ń ríran

Àpótí tó ń darí sùmó kò lè mọ̀ bóyá táǹkì kún tàbí kò kún àfi bí nǹkan kan bá sọ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fúlóòtì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: nǹkan oníke tó ń léfòó nínú táǹkì, tí ó sì rọ̀ mọ́ wáyà tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà tó ń yí síwá sẹ́yìn. Bí omi bá lọ sílẹ̀, fúlóòtì á rọ̀ wálẹ̀, bọ́ọ̀lù á yí lọ sí apá kan, á tẹ síwíìṣì kékeré, iná á rí ọ̀nà kọjá, sùmó á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí omi bá gbé e sókè, bọ́ọ̀lù á yí padà, ọ̀nà iná á já, sùmó á dákẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé mìíràn ń lo ọ̀pá irin mẹ́ta dípò fúlóòtì. Ọ̀kan gùn dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan mọ sí àárín, ọ̀kan kúrú lókè. Àpótí ń fi iná kékeré gan-an ránṣẹ́ sí wọn. Bí omi bá kan ọ̀pá méjì pọ̀, iná náà á gba inú omi kọjá, àpótí á sì mọ̀ pé omi ti dé ibẹ̀. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ tún lè wà nínú kànga fúnra rẹ̀, kí àpótí lè dá sùmó dúró bí omi kànga bá fà, nítorí sùmó tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí omi kò ní pẹ́ jóná.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ní lọ́wọ́: ohun tó ń wo omi, wáyà tó ń gbé ìròyìn rẹ̀, àti àpótí tó ń gba ìròyìn náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, sùmó á ṣe bí ẹni pé òun gan-an ló kú. Iṣẹ́ mọ́tímítà ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a mọ èyí tó ń purọ́ nínú wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Àwọn àgbà tó rántí bí Ògùnpa ṣe ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tó wó àti èèyàn tó bá omi lọ. Ewu kan wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun ni èyí tó ń dúró de ẹni tó padà sílé lẹ́yìn tí omi ti lọ tán: iná tó wà nínú ògiri tútù.

Bí omi bá dé ibi tí mítà IBEDC, bíréékà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, ẹ má ṣe tan iná rárá títí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mítà IBEDC kì í ṣe tiwa láti tú, àwọn ni kí ẹ fi tó létí. Bíréékà, fíúsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi bò, a ń pààrọ̀ wọn ni, a kì í sá wọn sóòrùn kí a tún lò wọ́n, nítorí ẹrẹ̀ tó wọ inú wọn kò ní bá omi gbẹ lọ. Àpótí sùmó tí omi bò rí bẹ́ẹ̀ náà. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni kàpásítọ̀ sábà máa ń wà, èyí tó lè fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti pa gbogbo síwíìṣì, tí yóò sì gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Bí ẹ bá fọwọ́ kan táàpù, tí ó sì ta yín lọ́wọ́ bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ni, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ pa iná gbogbo ilé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibi omi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iná 230 fóòtì gan-an ló ń gba inú fúlóòtì kọjá. Bí ara wáyà fúlóòtì bá ti sán, inú omi tí ẹ fi ń wẹ̀ ni iná náà wà. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé "ó kàn ń ta díẹ̀ ni." Kò sí "díẹ̀" nínú ọ̀rọ̀ iná àti omi.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí IBEDC bá mú iná lọ, kò túmọ̀ sí pé ilé kò ní iná. Ẹnì kan lè tan jẹnẹrétọ̀, ìnfátà tàbí iná oòrùn lè wà lórí òrùlé. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró ti síwíìṣì ńlá kí aládùúgbò má bàa tàn án láìmọ̀. Ẹ má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kì í sì í jí ẹni tó ń sùn.

Mọ́tímítà fúnra rẹ̀

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Donald Macadie, ló ronú irú ẹ̀rọ yìí nítorí ó sú u láti máa ru oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìwọ̀n kiri. Ọdún 1923 ni èyí àkọ́kọ́ dé ọjà. Èyí tí ẹ máa rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná wa lónìí kéré, ó sábà ní àwọ̀ yẹ́lò, abẹ́rẹ́ gígùn méjì ló ní, pupa àti dúdú, pẹ̀lú kọ́rọ́ńbọ́tọ́ kan láàárín tí a ń yí. A ní ìwọ̀nba rẹ̀ tí a ń yá àwọn ìdílé, Kristẹni àti Mùsùlùmí, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pín nǹkan.

Abẹ́rẹ́ dúdú ń wọ ihò tí wọ́n kọ COM sí. Pupa ń wọ ihò tí wọ́n kọ V àti Ω sí. Ihò kẹta wà, tí wọ́n kọ 10A sí. Ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ pupa bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì fi kan iná ilé, iná á gba inú mọ́tímítà kọjá bí ẹni pé ẹ fi wáyà lásán so méjèèjì pọ̀, ó lè bú gbàmù lójú ẹni tó dì í mú.

Ipò méjì péré ni a nílò. Àkọ́kọ́ ni V tó ní àmì bí ìgbì omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún iná ilé. Ẹ yí i sí nọ́ńbà tó ga jù, 600 tàbí 750. Èkejì ni Ω, fún mímọ̀ bóyá ọ̀nà iná ṣí tàbí ó já. Àwọn kan ní ipò tó ń dún "píì" bí ọ̀nà bá ṣí, èyí sì rọrùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹ má ṣe fi ipò Ω kan ohun tí iná wà nínú rẹ̀ láé.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ yí i sí 200 lábẹ́ Ω, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ méjèèjì kan ara wọn. Ó yẹ kó sọ nǹkan bíi 0.3 tàbí 0.5. Ti wáyà abẹ́rẹ́ nìyẹn, ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú ohunkóhun tí ẹ bá wọ̀n lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá yà wọ́n, ó yẹ kó fi "1" kan ṣoṣo hàn ní apá òsì, tàbí kó kọ OL. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà já. Àwọn kan máa ń ka "1" yẹn sí óòmù kan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná ti kúrò lára wáyà kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ rí i pé mọ́tímítà sọ ọ́. Ẹ wá wọn wáyà tí ẹ pa. Ẹ tún padà lọ wọn ibi àkọ́kọ́. Bí bátìrì mọ́tímítà bá kú tàbí wáyà abẹ́rẹ́ bá já láàárín, ìgbà kẹta ni yóò hàn.

Fúlóòtì

Lẹ́yìn tí iná ti kúrò pátápátá, ẹ yọ wáyà fúlóòtì kúrò lára àpótí, kí ó dá dúró. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì so mọ́ àpótí, ohun tó wà nínú àpótí ni mọ́tímítà lè máa kà, ẹ ó sì rò pé fúlóòtì ni. Ẹ ya àwòrán bí wáyà ṣe wà kí ẹ tó tú u, fóònù yín tó fún iyẹn.

Ọ̀pọ̀ fúlóòtì ní wáyà mẹ́ta: dúdú, búráùn àti búlúù. Dúdú ló sábà jẹ́ ti gbogbo wọn, ìyẹn ni pé òun ló ń bá ọ̀kan nínú méjì yòókù sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí fúlóòtì bá ṣe wà. Àwọ̀ lè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà, mọ́tímítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan dúdú àti búráùn. Kí ẹnì kan jẹ́ kí fúlóòtì rọ̀ wálẹ̀, lẹ́yìn náà kó gbé e sókè kí orí rẹ̀ yí padà. Ní ipò kan ó yẹ kí mọ́tímítà dún tàbí kó sọ iye tó kéré, ní ìkejì kó sọ pé ọ̀nà já. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún dúdú àti búlúù, èsì rẹ̀ á jẹ́ òdìkejì. Fúlóòtì tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tó wà lókè àti nígbà tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Èyí tó bá ń sọ 40 lónìí, 300 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ti ń kú lọ. Ẹ mì í létí yín pẹ̀lú: bọ́ọ̀lù yẹ kó dún gbá, bí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, ẹ má ṣe wulẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gígun ìdúró táǹkì kì í ṣe eré. Irin ìdúró tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ nítorí àgbàrá lè yẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà lórí rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì, ẹ má gùn ún. Ẹ lè wọn fúlóòtì láti ìsàlẹ̀, láti ẹnu wáyà tó dé ibi àpótí, kí púlọ́ńbà sì bá yín gbé fúlóòtì sókè sódò.

Wáyà, níbi tí omíyalé ti ń ṣiṣẹ́ jù

Orí táǹkì ni fúlóòtì wà, omíyalé kì í sábà dé ibẹ̀. Àpótí wà lára ògiri, nígbà mìíràn omi kò ga tó o. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn méjèèjì, nítòsí ẹsẹ̀ ìdúró táǹkì, wáyà fúlóòtì tí kò gùn tó ni a fi òmíràn gùn. Púlọ́ńbà lọ́ ọ pọ̀, ó fi tépù dúdú wé e, ó sì rì í mọ́lẹ̀ tàbí kó fi há ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ó tó di wàhálà. Ọjọ́ tí omi bò ó fún wákàtí díẹ̀ ni ẹrẹ̀ wọ abẹ́ tépù, ibẹ̀ kì í sì í gbẹ mọ́. Bí ẹ bá tú irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Ilé kan wà tí a dé, tí wọ́n ti sọ fún ìyá onílé pé kó ra àpótí tuntun. Táǹkì rẹ̀ kò ní omi tó ga ju ìka méjì lọ, síbẹ̀ àpótí ń tan iná pupa tó fi ń sọ pé táǹkì kún. Àwọn tiwa yọ wáyà méjèèjì kúrò lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n dá wà láìso mọ́ nǹkan kan. Wáyà méjì tí kò so mọ́ ara wọn yẹ kó sọ pé ọ̀nà já. Mọ́tímítà kò sọ bẹ́ẹ̀, iye tó ń fi hàn ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún óòmù. Iná ń gba inú ẹrẹ̀ abẹ́ tépù kọjá láti wáyà kan sí èkejì. Àpótí náà jẹ́ irú èyí tó ń lo ọ̀pá irin, ohun tó sì ń rí gan-an ni ohun tó máa rí bí omi bá wà láàárín ọ̀pá méjì. Àpótí kò purọ́, wáyà ló ń tàn án jẹ. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fa wáyà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí ìdè láàárín, sùmó sì gbé omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń wọn wáyà. Àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹnu méjèèjì lófìfo, mọ́tímítà sí ipò tó ga jù lábẹ́ Ω, kí a rí i pé wọn kò kan ara wọn. Ìkejì: ẹ lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ lókè, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ ní ipò 200. Wáyà bàbà 1.5 tó gùn ní mítà 30 kò yẹ kó kọjá óòmù kan lọ àti bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ti abẹ́rẹ́ kúrò. Bí ó bá sọ 15 tàbí 50, ìdè kan ti jẹrà níbì kan. Bí ó bá ju kan lọ díẹ̀ tí kò sì ní ìdè, ẹ ha ẹnu rẹ̀ wò: wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, tí ó jẹ́ pé òde rẹ̀ nìkan ni bàbà, inú rẹ̀ funfun.

Ohun kan wà tí mọ́tímítà kò lè ṣe, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bátìrì kékeré ló fi ń wọn Ω. Wáyà kan lè dára lójú bátìrì, kó sì jò nígbà tí iná 230 fóòtì bá wọ inú rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ní ẹ̀rọ mìíràn fún èyí, wọ́n ń pè é ní mẹ́gà, 500 fóòtì ló sábà fi ń dán wáyà wò. Bí omi bá bo wáyà sùmó yín tàbí ti ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná bóyá ó ní mẹ́gà. Ẹni tó bá ní mọ́tímítà nìkan, tó sì sọ pé "wáyà yín dára, ẹ tan iná," kò tíì wo ohun tó yẹ kó wò.

Ọ̀pá irin

Fún àwọn tó ń lo ọ̀pá, ẹrẹ̀ ni ọ̀tá. Ẹrẹ̀ tó gbá mọ́ orí tí ó di àwọn ọ̀pá mú lè di afárá láàárín wọn, kí àpótí máa rí omi níbi tí kò sí. Ìpẹtà àti ìdọ̀tí tó bo ara ọ̀pá ń ṣe òdìkejì rẹ̀: omi wà, àpótí kò rí i. Nítorí náà ẹnì kan á ní táǹkì òun kò kún rí, ẹlòmíràn á ní tòun kò dákẹ́ rí, àrùn kan náà sì ni. Ẹ pa iná, ẹ yọ wọ́n, ẹ fi aṣọ tó gbó díẹ̀ fọ̀ wọ́n títí irin á fi mọ́, ẹ jẹ́ kí orí wọn gbẹ. Ní gbígbẹ, ọ̀pá kan sí òmíràn yẹ kó sọ pé ọ̀nà já. Bí ẹ bá kì wọ́n bọ inú garawa omi, ó yẹ kí iye kan hàn.

Àpótí

Bí fúlóòtì bá dára tí wáyà sì dára, ó ku àpótí. Ibí yìí ni kí ẹ pe oníṣẹ́ iná, nítorí iná gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kí a tó lè dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti i kí ẹ wo ohun tó ń ṣe.

Ó máa kọ́kọ́ wọn iná tó ń wọ àpótí. Ní Nàìjíríà, 230 fóòtì ni wọ́n pinnu, díẹ̀ sókè díẹ̀ sódò kò burú. Bí ó bá bá 150 tàbí 160 níbẹ̀, àpótí lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láti dáàbò bo sùmó, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé yín. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú wáyà fúlóòtì tí a ti yọ kúrò, á wọn ojú ibi tí wáyà náà ti ń wọlé. Àkọlé inú ìdérí àpótí ló máa sọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń lo 12 tàbí 24 fóòtì, àwọn kan kéré sí i, àwọn kan sì jẹ́ 230 gan-an. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà tí iná ń wọ àpótí, fíúsì inú àpótí tàbí ara àpótí ló kú.

Bí iye tó yẹ bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ iná kékeré, á fi wáyà kúkúrú kan so ẹnu méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni pé fúlóòtì ló sọ̀rọ̀. Bí àpótí bá dún kíṣì tí iná ojú rẹ̀ sì yí padà, àpótí gbọ́ ọ̀rọ̀, kò ní àrùn, ẹ padà sídìí wáyà àti fúlóòtì. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, àpótí ni, ẹ sì lè rà á láìní iyèméjì. Ìdánwò kékeré yìí ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ "ẹ ra tuntun."

A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà kúkúrú yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ kó ní kí ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti táǹkì, omi kò ní dúró. Bí ó bá jẹ́ ti inú kànga, sùmó á máa ṣiṣẹ́ nígbà tí omi bá ti fà, ẹ ó sì wá pàdánù sùmó tí omíyalé kò bà jẹ́.

Iná òjìji

Nígbà mìíràn mọ́tímítà á sọ 40 tàbí 80 fóòtì lórí wáyà tí ẹ ti yọ kúrò pátápátá. Ẹ̀rù á ba onílé, oníṣẹ́ iná mìíràn á ní ilé náà ń jò. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Wáyà lásán tó bá èyí tó ní iná rìn nínú páìpù kan náà máa ń gba díẹ̀ lára rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, mọ́tímítà òde òní sì gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kà á. Kí oníṣẹ́ iná fi gílóòbù kan sí i lára: bí iye náà bá wálẹ̀ sí òfo lójú ẹsẹ̀, òjìji ni. Bí gílóòbù bá tàn, tàbí tí iye náà kò wálẹ̀, iná gidi ni, kí a pa ilé. Títí ẹ ó fi mọ̀, ẹ kà á sí iná gidi.

Àwọn kan béèrè nípa éàkọńdíṣọ̀nù àti fìríìjì. Ọgbọ́n kan náà ni. Èyí tó ń mọ ooru nínú wọn jẹ́ nǹkan kékeré olórí dúdú, óòmù rẹ̀ ń dín kù bí ooru bá ṣe ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ 10,000 óòmù nígbà tí ooru bá jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn mìíràn jẹ́ 5,000 tàbí 20,000. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí iye náà sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wà láàyè. Bí ó bá sọ òfo tàbí pé ọ̀nà já, ó ti kú, kì í sì í ṣe ohun tó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omi ilé ṣáájú.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá wọ̀n sínú ìwé: fúlóòtì lókè, fúlóòtì nísàlẹ̀, wáyà lófìfo, wáyà tí a lọ́ pọ̀, ọjọ́ àti ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ìwé náà àti àwòrán inú fóònù wá síbi tí a ti ń gba orúkọ fún àtúnṣe. Ìdílé tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí a ti mọ ohun tí a máa gbé dání kí a tó kúrò nílé. Bí ẹnì kan bá sì ti fún yín ní iye owó fún sùmó tuntun, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye tó bá lórí wáyà sùmó láàárín ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sùmó oníwáyà mẹ́ta tó dára máa ń ní iye mẹ́ta tó yàtọ̀, èyí tó tóbi jù sì dọ́gba pẹ̀lú àròpọ̀ méjì yòókù, tàbí kó sún mọ́ ọn. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní tòótọ́ máa ní nọ́ńbà láti sọ fún yín.

Ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ gòkè, ẹ má tíì mu ún. Bí omíyalé bá bo ẹnu kànga, ẹ̀gbin ṣáláńgá àdúgbò lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ dà nù, ẹ fọ táǹkì, ẹ sọ fún wa kí a wá fi kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò sí kànga náà. Títí a ó fi ṣe é, omi tí ẹ máa mu àti èyí tí ẹ máa fi po oúnjẹ ọmọ, ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì dé e.